Ọmọ Tí Ètò Tuntun Kò Gbà

Bàbá Ìtùnú,

Ìrẹsì wà nínú kúlà, ẹ bù ú fúnra yín. Mo ti lọ sílé ẹ̀gbọ́n mi ní Pópó Yemọja.

Ẹ fi kọ̀ǹpútà sílẹ̀ ní ṣíṣí nígbà tí ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì láàárọ̀ yìí. Mo mọ̀ pé ilé-iṣẹ́ tó ṣe ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń to orúkọ ìran yín ti pa á tì, tí ẹ sì ń kó gbogbo ẹbí sínú òmíràn. Mo wá wo ibi tí ẹ to àwọn ọmọ wa sí. Ìtùnú ti di àkọ́bí.

Nínú ti àtijọ́, “Ọmọkùnrin Clara” ló ṣáájú rẹ̀; orúkọ mi lẹ fi pè é, torí ó kú kí ọjọ́ ìkómọ tó pé, a kò sì sọ ọ́ lórúkọ. Nígbà tí mo pè yín, ẹ ní ètò tuntun kì í gba ẹni tí kò lórúkọ, lẹ bá yọ ọ́. Ẹ sọ ọ́ bí ẹni tó ń ṣa òkúta nínú ẹ̀wà. Ìyàwó tí bàbá yín àgbà lé kúrò nílé yín ní Ọ̀rányàn ṣì wà níbẹ̀, torí òun lórúkọ.

Ó dáa. Ẹ̀yin ni bàbá. Ẹ sọ ọ́ lórúkọ kí n tó dé.

Èmi, ìyá rẹ̀.