Ìlà Mẹ́ta Tí Mo Gbìn Láìwí Bísímílà

Bàbá mi àtàtà,

Ẹ kú ìsinmi. Èmi ọmọ yín àgbà ni. Ẹ mọ̀ pé n kò mọ̀wé, nítorí náà ayálégbé mi, akọ̀wé kan tó wá láti Abẹ́òkúta, ni ó ń bá mi kọ ọ́. Ó fẹ́ fi orúkọ Olúwa bẹ̀rẹ̀, mo ní kó fi orúkọ yín bẹ̀rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun kò tíì kọ lẹ́tà tí kò ní ibi tó ń lọ rí.

Ọyẹ́ ti dé sí Kàdúná. Bí mo bá jókòó sẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀ ní Kinkinau níbí, n kì í rí igi dòńgóyárò iwájú ilé mọ́. Gbogbo rẹ̀ a funfun. Nígbà mìíràn mo máa ń rí yín nínú rẹ̀, tí ẹ ń tẹ̀lé ìlà ọkà, tí igbá irúgbìn wà ní apá òsì yín. Ẹ kì í wẹ̀yìn. Mo mọ̀ pé ojú mi ló ń ṣe mí bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ mo máa ń dìde dúró, torí ọmọ kì í jókòó kí bàbá rẹ̀ máa kọjá.

Sífáwù àbúrò mi ti ti Ìlọrin wọ ọkọ̀ ojú irin wá. Ọjọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀ ni fìdáù yín, àdúrà òkú. Ó ní: Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀mí mi kan, ẹ gbọ́wọ́ sókè, kí ẹ ṣe Àmín tí gbogbo èèyàn á gbọ́. Àwọn àáfà ti sọ fún un pé bí n kò bá ṣe é, wọn kò ní gbà kí wọ́n sin mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Ṣé ẹ rántí àyè yẹn? Ọjọ́ tí a sin ìyá mi ni ẹ fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀, ẹ ní ibí ni tiyín, ibí ni tèmi. Itẹ́ àwọn mùsùlùmí ni gbogbo ibẹ̀ báyìí, orí ìlà oko wa ló sì parí sí. Mo ti darúgbó, Bàbá. Àyè yẹn wù mí.

Àwọn ará ibí ń pè mí ní Arne, kèfèrí nìyẹn lẹ́nu Hausa. Bí wọ́n bá pè mí bẹ́ẹ̀ tán, wọ́n á tún ní kí n jọ̀ọ́, kí n wá bá àwọn wo ọkà tí kòkòrò ń jẹ. Mo sì máa ń lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí n kò sọ fún yín rí. Ẹ máa ń wí Bísímílà sí ihò ọkà kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá gbàgbé, ẹ ó fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ tú ihò náà, ẹ ó kó irúgbìn jáde, ẹ ó wí i, ẹ ó sì dá a padà. Ní ọdún kejì tí a dé Kàdúná, ibà dá yín dùbúlẹ̀, èmi nìkan ni mo lọ gbìn. Ọkàn mi rìn lọ. Ìgbà tí mo máa fi mọ̀, mo ti gbin ìlà mẹ́ta tán, n kò sì wí nǹkan kan. Ó yẹ kí n tú gbogbo rẹ̀. N kò tú u. Ẹ̀rù bà mí títí òjò fi rọ̀. Ọjọ́ kan náà ni gbogbo oko hù.

Nígbà ìkórè, iwájú ìlà mẹ́ta yẹn gan-an ni ẹ dúró sí. Ẹ di orí ọkà mú, omi yọ lójú yín, ẹ ní ẹ wo ohun tí àdúrà ọmọ mi ṣe. Mo dorí kodò. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá fetí sílẹ̀ níbi àdúrà, ìró ewé ọkà nìkan ni mò ń gbọ́. N kò bínú sí ẹnikẹ́ni. N kò kàn gbọ́ ẹlòmíràn ni.

Nígbà tí ikú ń mú yín lọ, ẹ ní kí a jọ ṣe kálímà, ìjẹ́rìí ìgbàgbọ́. Ètè lásán ni mò ń mì, n kò wí i. Ṣé ẹ mọ̀? Ẹ fọwọ́ kan àgbọ̀n mi. Kí ni ẹ ń wá níbẹ̀?

Mo ti tàn yín lẹ́ẹ̀mejì, Bàbá. N kò lè ṣe ẹlẹ́ẹ̀kẹta lórí sàréè yín. Lọ́jọ́ Jímọ̀, èmi ni yóò pọnmi, èmi ni yóò tẹ́ ẹní fún àwọn àáfà. Bí wọ́n bá gbọ́wọ́ sókè, ọwọ́ mi yóò wà lórí orúnkún mi.

Sífáwù sunkún. Ó ní, Olóríkunkun! Bàbá gan-an ni ẹ jọ! Ni àwa méjèèjì bá bú sẹ́rìn-ín.

Mo mú un lọ sí oko, mo fi ìparí ìlà kẹta yẹn hàn án, pé ibẹ̀ ni kí wọ́n gbé mi sí. Ó bi mí bí ó ṣe jìnnà sí yín tó. Mo ní gígùn ìlà ọkà kan ṣoṣo ni. Ó ní òun ni yóò máa gbin ìlà náà, láti ọ̀dọ̀ yín dé ọ̀dọ̀ mi, òun yóò sì máa wí Bísímílà sí gbogbo ihò rẹ̀. Mo ní kó máa wí i.

Akọ̀wé ń béèrè ibi tí òun yóò fi lẹ́tà yìí ránṣẹ́ sí. Mo ní kó ká a fún mi. N ó gbẹ́ ihò kékeré sí orí ìlà náà, n ó fi í síbẹ̀, n ó fẹsẹ̀ bò ó. Bí ẹ bá rí i pé n kò wí nǹkan kan sí i, ẹ má tú u.

Èmi ni ọmọ yín,
tí ó ṣì ń dìde bí ẹ bá ń kọjá.