Àwòrán Olú-ìlú Lórí Oórì Bàbá

Ìwó, ọjọ́ Sátidé, oṣù Ọ̀wàrà, 1955

Ibi tí sìmẹ́ńtì ti tẹ́jú jù ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni mo tẹ́ àwòrán sí, kí ìyá mi lè rí olú-ìlú tuntun tí ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ ní kí n máa yà láti èṣí. Mo gbàgbé pé ojú oórì Bàbá ni.

"Àkànní, gbé e kúrò lórí bàbá rẹ."

Mo gbé e. Mo fi ọ̀nà ńlá hàn wọ́n, mo fi ọjà àti ṣọ́ọ̀ṣì hàn wọ́n. Wọ́n ní ó dára. Wọ́n wá béèrè ibi tí àwọn òkú máa wà. Mo tọ́ka sí etí ìwé, lẹ́yìn odò.

"Wọn ò ní sin ẹnì kankan sílé?"

"Rárá, Ìyá."

"Àlejò ni gbogbo yín máa jẹ́ níbẹ̀ nìyẹn."

Wọn ò tilẹ̀ bínú. Wọ́n lọ gbé ọbẹ̀ kaná.

Láàárọ̀ ọ̀la, wọn yóò kí Bàbá kí wọ́n tó gbálẹ̀, bí wọ́n ti ń ṣe lójoojúmọ́. Ní Mọ́ńdè, ọ̀gá mi ń retí àwòrán.

Mo tún wo àwọn ilé inú rẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ. Kò sí èyí tí mi ò ya ibi tí mọ́tò yóò máa sùn sí, kò sì sí èyí tí mo ya ti òkú sí.