Obìnrin Tí Wọn Ò Mọ Orúkọ Rẹ̀

Sátidé, Peckham, London.

Inú ń bí mi. Èmi àti Ṣẹ́rífá ọmọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Leiden dé, ìlú àtijọ́ kan ní Holland.

Nínú mùsíọ́mù wọn, a rí àwòrán olówó kan, ajá rẹ̀, àti obìnrin dúdú tó gbé àwo èso dúró. Ṣẹ́rífá ka àkọlé rẹ̀ fún mi: orúkọ olówó wà níbẹ̀, ti ajá náà wà. Ti obìnrin yẹn, wọn ò mọ̀ ọ́n.

Mo bá fi orúkọ tó wà lọ́kàn mi pè é. "Àṣàkẹ́, pẹ̀lẹ́ o."

"Mummy, people are looking. Ta ni Àṣàkẹ́?"

Oríkì Ṣẹ́rífá fúnra rẹ̀ ni. Èmi ni mo fún un lọ́jọ́ tí a sọ ọ́ lórúkọ.

Èmi tí mò ń bú òyìnbó látàárọ̀, ìgbà wo ni mo pè é bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn?