Orí Mi Ò Dàrú, Ìyá Mi

Ìyá mi,

Ẹ kú ilé, ẹ kú ìtọ́jú Bàbá. Ara mi le koko. Orí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ni mo ti ń kọ̀wé yìí, àmọ́ ẹ má jáyà. Bẹ́ẹ̀dì wọn rọ̀ ju tèmi lọ.

Ọ̀rẹ́ mi tá a jọ ń ránṣọ níbi iṣẹ́ ló máa ń fún mi lóògùn tí kì í jẹ́ kí oorun kun èèyàn, ká lè ránṣọ mọ́jú. Tẹ́lẹ̀, ara mi á kàn dá ṣáṣá ni. Ṣùgbọ́n látìgbà tẹ́ ẹ ti ní wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún Bàbá, oúnjẹ ò lọ lọ́fun mi mọ́. Lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ náà, hóró kan ṣoṣo tí mo lò, àyà mi ń lù kìkì, mo sì ń pariwo mọ́ ọ̀gá wa pé ẹ̀rọ ìránṣọ ń pè mí; ni wọ́n bá gbé mi wá síbí.

Mo bi dókítà pé, “Ṣé mo ti ya wèrè ni?”

Ó rẹ́rìn-ín. “Rárá o. Tí ìdààmú bá pọ̀, ara máa ń tú èròjà kan sínú ẹ̀jẹ̀. Tí oògùn yẹn bá wá bá a níbẹ̀, ṣe ló máa ń gùn ún gàràgàrà. Má lò ó mọ́.”

Ọkàn mi balẹ̀ pẹ̀sẹ̀. Ìgbà tí àbúrò mi tún pè pé Bàbá ti jí lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, tí wọ́n ń bínú pé ta ló fá irùngbọ̀n àwọn, mo rẹ́rìn-ín títí nọ́ọ̀sì fi sáré wọlé.

Ọ̀gá wa ní kí n sinmi nílé títí àwọn á fi pè mí. Aláàánú ni.

Ẹ bá mi kí Bàbá, ẹ kí gbogbo ilé. Oorun ń kùn mí, Ìyá mi, oorun gidi.

Ọmọ yín.