Háàdì Tí Ẹ-Sún-Mọ́ra Fi Sílẹ̀ Lọ

Ẹ-Sún-Mọ́ra, ó pé ọdún méje lónìí tí o gbé kámẹ́rà jáde lọ síbi iṣẹ́, tó jẹ́ pé kámẹ́rà nìkan ni wọ́n bá wa gbé padà. Ọdún méje! Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin ni ẹbí ní kí n bá ọ sọ̀rọ̀ lọ́dún yìí, wọ́n ní ẹnu mi kì í sinmi. Ìwọ náà mọ̀ pé wọn ò purọ́ mọ́ mi.

Ọ̀pọ̀ nǹkan ló ti yí padà. Àkọ́bí rẹ ti ga jù ọ́ lọ, irùngbọ̀n tó ń hù ni kò jẹ́ ká sinmi nínú ilé. Ilé tí o kọ́ dé ojú fèrèsé ti parí, a ti kùn ún, a sì ti ń gbé inú ẹ̀. A ò ta ṣọ́ọ̀bù fídíò. Nígbà tí o wà, ìwọ lo ń ya fídíò, ìyàwó rẹ ló ń gé e tó ń tò ó kí oníbàárà tó gbé e lọ sílé. Nígbà tí o ò sí mọ́, àkọ́bí gbé kámẹ́rà, ìyàwó rẹ sì ń gé e lọ. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran.

Abíkẹ́yìn rẹ, tó ń rákòrò nígbà tí o lọ, ti ń ka ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sí etí fọ́tò sí wa létí. Òun ló dá ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí sílẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ó tẹjú mọ́ àwòrán rẹ lára ògiri, ó ní, "Mọ́mì, báwo ni ohùn Dádì ṣe rí? Ṣé ó ki ni, àbí ó tín-ín-rín?"

Ìyàwó rẹ fẹ́ sín ọ jẹ fún un. Ó la ẹnu, kò rí nǹkan kan mú jáde. Ó tún gbìyànjú, ohùn ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ọkùnrin ló bọ́ sí i lẹ́nu. Ló bá sá wọ kíṣìnì, ó ní ọbẹ̀ ń jóná, bẹ́ẹ̀ kò sí ọbẹ̀ lórí iná. Ibẹ̀ ló ti yé e pé òun náà ti pàdánù ohùn yẹn. Ó ń rántí ọ̀rọ̀ tí o sọ, ó ń rántí àwàdà tí o dá, ṣùgbọ́n ohùn tirẹ̀ fúnra rẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ fi ń wá sí i lọ́kàn. Ó sọ èyí fún mi, ojú ẹ̀ gbẹ táútáú, ẹ̀rù sì bà mí ju kó máa sunkún lọ.

Èèyàn á ní, kí ló wá dé, ṣebí oní-fídíò lọkọ ẹ̀? Ìṣòro ibẹ̀ gan-an nìyẹn. Ẹni tó ń ya fídíò kì í sí nínú fídíò. Gbogbo ibi tí o bá ti ń ké "Ẹ sún mọ́ra, ẹ sún mọ́ra," tí ayé fi sọ ọ́ di orúkọ fún ọ, ìyàwó rẹ ló ń gé e kúrò, torí oníbàárà ò sanwó wá gbọ́ ohùn ẹni tó gbé kámẹ́rà. Ìgbàgbé rẹ tún wà níbẹ̀. O kì í rántí pa kámẹ́rà láyé. Ayẹyẹ á ti parí, wàá gbé e há abíyá, á máa ya bàtà rẹ lọ, wàá máa dá sọ̀rọ̀, wàá máa fi ohùn burúkú rẹ yẹn kọrin. Bí ìyàwó rẹ bá ti dé ibẹ̀, á pòṣé, á gé gbogbo ìdí fídíò náà dànù. Gbogbo fídíò tó jáde láti ọwọ́ yín ló mọ́ tónítóní. O ò sí nínú ọ̀kankan. Fóònù rẹ náà ò sì padà wálé.

Háàdì dúdú pẹlẹbẹ tó ń so mọ́ ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà nìkan ló kù, èyí tí o máa ń kó fídíò sí kí ìyàwó rẹ tó fọwọ́ kàn án. O ò mọ ohun tó ṣe é. Ọjọ́ tí wọ́n wá túfọ̀ rẹ, òun ni ìyàwó rẹ ń lò lọ́wọ́. Bó ṣe fò dìde, wáyà kọ́ ọ lẹ́sẹ̀, háàdì já láti orí tábìlì bọ́ sílẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá ti so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, á dún kọ́, kọ́, kọ́, á sì dákẹ́.

Ìyàwó rẹ fi tówẹ̀lì ọmọ wé e, ó tì í mọ́ inú dúrọ́ọ̀. Láti ìgbà yẹn ni kò ti lè lò ó, tí kò sì lè jù ú nù. Bí kò bá fọwọ́ kàn án, ó lè jẹ́ pé o ṣì wà nínú ẹ̀. Bó bá fọwọ́ kàn án tó sì kú, ìwọ náà tún kú lẹ́ẹ̀kejì nìyẹn. Ó di ohun tí kò ṣeé gbé mì, tí kò ṣeé tu jáde. A ní kí á kó ṣọ́ọ̀bù lọ síbi tó fẹ̀, ó kọ̀, ó ní gbígbọ̀n mọ́tò á pa háàdì. Torí nǹkan tí kò tóbi tó búrẹ́dì, gbogbo wa há sínú yàrá kan tí kò ní fèrèsé.

Ìbéèrè ọmọ yẹn ló fà á jáde. Ọ̀gá tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe wá sí ṣọ́ọ̀bù, ó gbé háàdì sétí, ó mi orí. Ó ní inú ẹ̀ ti bàjẹ́, pé bó bá ṣe ń ka ohun tó wà nínú ẹ̀ náà ló ṣe ń kú lọ, àti pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo la ní. Ẹnu ibi tí wáyà ń wọ̀ tún ti yẹ̀. Bí a bá fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, iná á tàn. Bí a bá jọ̀wọ́ ẹ̀ pẹ́rẹ́, ó tán nìyẹn.

Ìyàwó rẹ ní òun ló máa tẹ̀ ẹ́. Kò jẹ́ kí ẹlòmíì súnmọ́ ọn.

Ẹ-Sún-Mọ́ra, mo rí obìnrin tó wà nínú túbú lọ́jọ́ yẹn. Àtàǹpàkò ẹ̀ wà lára wáyà, ó tẹ̀ ba tábìlì, kò lè nàró, kò lè yíjú. A pa fáànù torí ó ń mi tábìlì. Fóòmù tí ìwọ fọwọ́ ara rẹ lẹ̀ mọ́ ògiri kí ariwo má wọlé ń mú ooru bí ààrò. Èmi ni mo ń fi omi sí i lẹ́nu. Ìtọ̀ ń gbọ̀n ọ́n. Mo ní ṣé kí n gbé ike wá ni, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má pa mí lẹ́rìn-ín, ọwọ́ mi á yẹ̀." Àwa tí a ò di nǹkan kan mú gan-an ò lè jáde.

Nǹkan náà ń wá díẹ̀díẹ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀ fídíò ìgbéyàwó kan: ìyàwó ń wọlé, ọ̀rẹ́ ọkọ ń jó. Nígbà tó yá, háàdì bẹ̀rẹ̀ sí í dúró, ó ń kanlẹ̀kùn kọ́, kọ́, kọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ọ̀gá ní, "Ìyá, kò lè dé ìparí o. Ẹ jẹ́ ká mú ìwọ̀nba tó bá fún wa."

Ìyàwó rẹ ní, "Ọkọ mi ò sí ní ìbẹ̀rẹ̀. Ìparí ló wà. Ṣé ẹ ò lè máa kà á láti ẹ̀yìn bọ̀ ni?"

Ọ̀gá wò ó. Ó ní ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n àwòrán lè má ṣí, ohùn nìkan ló ṣeé ṣe kó jáde, ohun tó kù níwájú á sì lọ pátápátá. Àkọ́bí rẹ ní, "Mọ́mì, iṣẹ́ oníbàárà ló wà níwájú. Àwọn èèyàn ṣì ń béèrè ẹ̀." Òótọ́ ló sọ. Òógùn ń kán láti imú ìyàwó rẹ sórí tábìlì.

Ó ní, "Láti ẹ̀yìn."

Bí ọ̀gá ṣe yí i padà, háàdì kan ilẹ̀kùn, kò pẹ́ ló han gooro, ó sì dákẹ́. Iná ẹ̀ kú. Ọ̀gá ní, "Ẹ lè fi sílẹ̀ báyìí." Kò fi sílẹ̀. Ọwọ́ ti le mọ́ ọn. Èmi ni mo tú ìka ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ohun tó jáde ò tó àkókò tí èèyàn fi ń bu omi mu. Ojú kọ̀ǹpútà dúdú. Bàtà ń fọ́ òkúta wẹ́wẹ́. Ẹnìkan ń mí hẹlẹhẹlẹ lábẹ́ ẹrù, ó ń kọrin, orin náà sì ti ṣìnà. Lójijì ó dúró. Ìwọ ni, àbúrò mi, ìwọ gan-an: "Àṣé mi ò tíì pa nǹkan yìí. Ìyàwó mi, má bínú, bá mi gé ibí yìí dànù." Ó parí.

Abíkẹ́yìn rẹ ní, "Dádì ò mọ orin kọ." Ẹ̀rín pa wá, ẹkún sì gbà á lẹ́nu wa. Ìyàwó rẹ ní kí wọ́n tún fi ohùn náà sí i, kí wọ́n tún fi í sí i. Àkọ́bí, ọmọ dáadáa tó jẹ́, nawọ́ sí kọ̀ǹpútà, ó ní kí òun yọ ariwo bàtà àti mímí yẹn kúrò kí ohùn lè mọ́ dáadáa. Ìyá ẹ̀ gbá a lọ́wọ́.

Ẹ-Sún-Mọ́ra, ọdún méje, àárò rẹ ò dín. A fẹ́ràn rẹ, a ò jáwọ́. Ohunkóhun tí o bá bẹ ìyàwó rẹ láyé, á kùn, á ráhùn, á sì ṣe é. Èyí tí o bẹ̀ ẹ́ gbẹ̀yìn yìí, má bínú sí i, kò ní ṣe é.