Dọ̀tí Inú Kásẹ́ẹ̀tì Má-Dúró

                                        Yàrá ẹ̀yìn,
                                        Ṣọ́ọ̀bù Káfíńtà,
                                        Ọjọ́ Sátidé, òjò ń rọ̀.

Àǹtí mi àtàtà,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìtọ́jú àwọn ìbejì. Ṣé ara wọn ti yá? Ṣé ọkọ yín ti yéé hanrun, àbí ẹ ti gba kámú? Àwa náà wà. A ò kú, inú wa ò sì dùn títí.

Ẹ rántí ẹgbẹ́ olórin tí bàbá wa ń pè ní Má-Dúró. Nígbà ayé màmá, àwọn méjèèjì jọ máa ń lọ wòran wọn ni, bàbá á gbé rédíò dání, á gba orin náà sí kásẹ́ẹ̀tì. Wọn kì í kọ orin kan bákan náà lẹ́ẹ̀mejì. Lọ́jọ́ kan iná lọ, onílù nìkan ń bá a lọ nínú òkùnkùn títí iná fi dé, onígìtá sì bọ́ sí i bí ẹni tó lọ mumi dé. Èmi náà fẹ́ràn wọn, ẹ má sọ fún ẹnì kankan o. Àwọn ọmọ kíláàsì wa á ní mo ti darúgbó.

Èyí tó dáa jù ni ti gbọ̀ngàn tí òrùlé rẹ̀ ń jò. Orin kan ṣoṣo ló gba gbogbo ojú kan kásẹ́ẹ̀tì. Okùn gìtá já, ọkùnrin náà fi èyí tó kù ta á, ó wá dùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ̀gbẹ́ rédíò ni màmá dúró sí, ó ń ráhùn: "Orin yìí ò ní parí ni? Ẹsẹ̀ ń ro mí o!" Nígbà tó wá parí, òun ló pariwo jù: "Ẹ tún un kọ!" Kò sí ibòmíì tí a ti lè gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi tó ń ṣiṣẹ́ ní sítúdíò kì í gbọ́ irú orin bẹ́ẹ̀. Ó kàn fẹ́ ṣe bàbá lóore ni. Ó da kásẹ́ẹ̀tì náà sínú kọ̀ǹpútà, ó ní kí ó fọ gbogbo ariwo èrò kúrò, ó lọ jẹun. Nígbà tó máa fi dé, ẹ̀rọ tó ń lu kásẹ́ẹ̀tì ti jẹ ẹ́, ó fà á já jálajàla. Ó ní kò séwu, ẹ̀dà tó mọ́ ti wà.

Ó tẹ̀ ẹ́ fún bàbá. Gìtá ń dún kedere. Màmá ò sí níbẹ̀. Ó ṣe mí bíi kí n ju bàtà lu ẹ̀gbọ́n mi. Bàbá gbọ́ ọ tán, ó ní, "Ó mọ́." Ó wá bi ẹ̀gbọ́n mi: "Dọ̀tí tó o fọ̀ kúrò ńkọ́? Ibo lo dà á sí?"

"Dọ̀tí kẹ̀, bàbá?"

"Òun ni mo fẹ́."

Ẹ̀gbọ́n mi ń wò mí bí ẹni tó ń béèrè bóyá bàbá ti ń ṣarán. Mo ní, "Ohùn màmá wà níbẹ̀, ọ̀gá sítúdíò." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú inú kọ̀ǹpútà. Àṣé kọ̀ǹpútà náà kì í da nǹkan nù, ó tọ́jú ariwo sọ́tọ̀. Ó tẹ̀ ẹ́. Kò sí gìtá, kò sí ìlù. Omi òjò ń kán, ẹnì kan ń wúkọ́, màmá sì ń béèrè bóyá orin ò ní parí.

Bàbá sún àga mọ́ ọn. Ó dá màmá lóhùn, "Ó kù díẹ̀."

Ẹ bá mi kí ọkọ yín àti àwọn ìbejì. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n kí yín. Ó ń fọ abọ́, ẹnikẹ́ni ò sì rán an. Ẹ wá gbọ́ ohùn màmá, ẹ̀gbọ́n yín. Tí ẹ bá ń bọ̀, ẹ má retí orin.

Èmi ni ọmọ yín tòótọ́,
Afajúro.