Fèrèsé Tí Mo Gé Sára Bùláòsì Mi

Ọmọ mi, ìwọ àkọ́bí tó sọ mí di ìyá,

Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé ọ̀gá yín ò yọ ọ́ lẹ́nu mọ́? Ọlọ́run á máa ṣọ́ àlọ rẹ, á máa ṣọ́ àbọ̀ rẹ. Bàbá rẹ ń kí ọ, àbúrò rẹ náà ń kí ọ. Òrùlé ọ̀dẹ̀dẹ̀ kò jò mọ́, òjò ló dáwọ́ dúró, kì í ṣe pé a tún un ṣe.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ ọ níbi iṣẹ́ rẹ, nítorí ó tì mí lójú. O rántí pé ó ti ń rẹ̀ mí, tí mo ń di ẹ̀bi ru máṣíìnì ìránṣọ. Mo lọ sílé ìwòsàn, wọ́n fún mi ní fọ́ọ̀mù, wọ́n béèrè bí mo ṣe ga tó, mo fi igbáàyà, ìbàdí àti gígùn apá kún un kí wọ́n má baà ní mo fi nǹkan pamọ́. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ mi, wọ́n ní kòkòrò fáírọ́ọ̀sì kan wà nínú ẹ̀dọ̀ mi, ó sì ti pẹ́ níbẹ̀. Dókítà kọ oògùn tí n ó máa lò lójoojúmọ́. Nọ́ọ̀sì wá ní fítámì D ara mi kéré, pé ó máa ń ran ara lọ́wọ́ láti bá àrùn jà, pé oòrùn ni awọ ara fi ń ṣe é, ẹni tó sì ń jókòó sínú ṣọ́ọ̀bù láti àárọ̀ dalẹ́ bíi tèmi ò lè ní in tó. Ó ní kí n máa yọ sóòrùn díẹ̀ láàárọ̀.

O mọ̀ mí, bí wọ́n bá ní kí n rán bọ́tìnnì kan, méjì ni n ó rán. Mo ní bí oòrùn bá máa ṣiṣẹ́, ẹ̀dọ̀ gan-an ló yẹ kó kàn. Àwòrán èèyàn kan wà lára ògiri wọn tí wọ́n la inú rẹ̀ sílẹ̀, mo ti fi téépù wọn ibi tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ wà. Mo délé, mo gé fèrèsé sára bùláòsì mi àtijọ́, ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́, mo ká etí rẹ̀, mo rán an dáadáa. Láràárọ̀ ni mo ń gbé àpótí síwájú ṣọ́ọ̀bù, tí ikùn mi á máa wo ìta bí ẹni tó ń retí àlejò. Oníbàárà kan béèrè bóyá àrà tuntun nìyẹn, mo sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọn tirẹ̀. Bàbá rẹ kàn gbé àga rẹ̀ lọ sẹ́yìnkùlé.

Ọgbọ́n àgbọ́njù mi wá ní kí ni mo tún ń gbé oògùn mì fún, nígbà tí oòrùn ń wọlé lọ́fẹ̀ẹ́. Mo kó oògùn sínú agolo òwú fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Mo wọ bùláòsì náà padà lọ kí nọ́ọ̀sì lè rí iṣẹ́ ọwọ́ mi. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. Ó ní apá ọ̀tún ni ẹ̀dọ̀ wà, òsì ni mo gé. Ẹni inú àwòrán kọjú sí mi, mo wá gbé ọ̀tún rẹ̀ sí òsì mi, èmi tí mo ti ń wọn èèyàn láti ọgbọ̀n ọdún. Ó tún ní kò sí ohun tí a fẹ́ fi fèrèsé ṣe rárá, bí oòrùn bá ti kan ọwọ́ àti ẹsẹ̀, ó tó. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí mo dárúkọ agolo òwú ni ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Ó ní fítámì kì í ṣe oògùn, àwọn onímọ̀ ṣì ń wo ibi tí agbára rẹ̀ mọ, pé bí èèyàn bá dá oògùn dúró fúnra rẹ̀, kòkòrò yẹn lè dìde kó ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Wọ́n tún ẹ̀jẹ̀ mi yẹ̀ wò, orí ló kó mi yọ. Mo ti padà sídìí oògùn mi.

Ó wá béèrè àwọn ọmọ mi. Ó ní kòkòrò yìí máa ń ti ara ìyá bọ́ sára ọmọ nígbà ìbí, ó sì lè wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún láìdun ọmọ. Mo ní ara àkọ́bí mi le koko. Ó ní ṣebí ara tèmi náà le. Àbúrò rẹ ti ṣe àyẹ̀wò, kò ní in, wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ àjẹsára fún un. Ìwọ ló kù, ẹ̀rù sì ń bà mí. Gbogbo aṣọ tí mo rán fún ọ ni mo yẹ̀ wò tinú tòde kí n tó wọ̀ ọ́ fún ọ. Mi ò mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kí n ti fún ọ ní nǹkan tí mi ò yẹ̀ wò, kí a tó wọ̀ ọ́ láṣọ rárá.

Mo fẹ́ béèrè owó òwú lọ́wọ́ rẹ, mo ti kọ iye rẹ̀ síhìn-ín, mo ti pa á rẹ́. Fi owó náà ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ rẹ lọ́sẹ̀ yìí, èsì ni kí o fi ránṣẹ́ sí mi. Ọlọ́run á jẹ́ kí ohun tí o jogún lọ́wọ́ mi má ju imú yìí àti orí kunkun lọ.

Èmi ni ìyá rẹ, télọ̀ tí kò mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì.